Ìgbà Tí Tonka Ń Gbin Aáyù

Cygnet, Tasmania
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹta, 1983

Danica ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú ọ̀fọ̀, mo kí ọ kú ìrọ́jú. Ṣé ara rẹ le? Ṣé àwọn aláìsàn tí ò ń tọ́jú ní Aberdeen kò fi iṣẹ́ pa ọ́? Èmi wà, bí èèyàn ṣe ń wà. Etí mi ọ̀tún ti di pátápátá, ìdí nìyẹn tí mo fi ń ké "ẹn? ẹn?" nígbà tí o pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ ìsìnkú. Má fowó ṣòfò mọ́. Lẹ́tà ni kí o máa kọ.

A sin ìyá rẹ dáadáa. Àwọn èèyàn wá láti Franklin títí dé Huonville. Edie Scanlon aládùúgbò wa ló se oúnjẹ. Ó ní kí n jókòó kí n má dá sí nǹkan kan, mo sì jókòó. Gbogbo wọn ló ń béèrè rẹ. Mo ní iṣẹ́ kò jẹ́ kí o wá. Wọ́n mi orí. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe máa ń mi orí níbí.

Ápù ti pọ́n. Àwọn tó ń bá mi ká a ti dé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ápù kọ́ ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Aáyù ìyá rẹ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló hú u ní oṣù Kìíní. Mo gbé àga sí ẹ̀bá ebè fún un, ibẹ̀ ló jókòó sí tó ń fà wọ́n tu lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó so wọ́n ní ìdì-ìdì rọ̀ sí àjà ilé tí a ti ń to ápù sínú àpótí. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, òórùn wọn ló ń kọ́kọ́ kí mi. O mọ̀ pé n kì í jẹ ẹ́. O mọ̀ pé ìkòkò méjì ló máa ń wà lórí iná nílé wa, tèmi ọ̀tọ̀, tẹ̀yin ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n Edie sọ ohun kan tó já mi láyà. Ó ní aáyù kì í dúró de èèyàn. Bí a kò bá gbìn ín lọ́dún yìí, yóò gbẹ dànù, irú rẹ̀ á sì parẹ́. Irú tí ìyá rẹ dì sínú ìbọ̀sẹ̀ wá láti erékùṣù rẹ̀ ní Dalmatia! Kò sí ẹlòmíràn tó ní i ní gbogbo àfonífojì yìí.

Ìgbà wo ló máa ń gbìn ín? Gbogbo ọdún tí mo fi bá a gbé, n kò rí i kó gbìn ín rí. Ewé lásán ni mo máa ń rí. Bí ìgbà ìwọ́wé bá dé, orí àkàbà lèmi máa ń wà láàrin igi ápù. Edie ní ọjọ́ tí ojúmọ́ bá kúrú jù lọ lọ́dún ni kí n gbìn ín, pé bẹ́ẹ̀ ni bàbá òun ń ṣe. Mo ní bàbá rẹ̀ kọ́ ló ni aáyù. Ó ní, "Clarrie, orí kunkun yìí ni Tonka bá fà títí tó fi rẹ̀ ẹ́." Àwàdà ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Ìwọ lo máa ń tẹ̀lé e nínú ọgbà. Tètè fèsì.

Èmi ni bàbá rẹ,
Clarrie Direen


Aberdeen
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta, 1983

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Ẹ kú iṣẹ́ ápù. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Edie, ẹ ní mo kí i dáadáa.

Ẹ ní ẹ sọ fún wọn pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí n wá. Kí ló dé tí ẹ kò sọ bó ṣe rí fún wọn, pé Màmá ti kú kí ẹ tó tẹ wáyà sí mi? Nọ́ọ̀sì ni mí, Bàbá. Ìyá oníyàá ni mò ń wẹ̀, tí mò ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ibùsùn lójoojúmọ́, ìyá tèmi sì ń kú lọ, ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Gbogbo lẹ́tà yín ìgbà náà ló wà níwájú mi báyìí: òjò rọ̀, òjò kò rọ̀, ápù tà, ápù kò tà. Ní oṣù Kìíní, Màmá kò lè dìde dúró lẹ́bàá ebè mọ́. Ẹ rántí gbé àga. Ẹ kò rántí gbé kálàmù.

Ní ti aáyù, ó yà mí lẹ́nu pé ẹ̀yin lẹ ń béèrè. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sáré ṣí fèrèsé bí Màmá bá ti gbé ìkòkò tiwa kaná? Ọjọ́ àwọn òkú ló máa ń gbìn ín. Bó ṣe máa ń wí nìyẹn: "Ọjọ́ àwọn òkú kò gbọdọ̀ bá aáyù lókè ilẹ̀." Ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá nìyẹn, tí ìjọ Àgùdà ń rántí àwọn òkú wọn. Àyè ṣì wà fún yín.

Danica


Cygnet
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹrin, 1983

Danica,

Mo kí ọ. Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á lórí ìjókòó katakata, mi ò sì lè tan ẹ́ńjìnnì mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ìyá rẹ ló ní kí n má sọ fún ọ. Ó ní ìdánwò tí wọn yóò fi sọ ọ́ di ọ̀gá nọ́ọ̀sì ti sún mọ́lé, pé bí o bá gbọ́, o ó gbé àpótí rẹ, o ó wá, o ó sì pàdánù rẹ̀. Ó ní, "Clarrie, búra fún mi." Mo ní n kò búra. Ó kọ oúnjẹ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì tí kò fẹnu kan nǹkan, mo búra. Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn tí mo fi àṣírí pa mọ́ fún ọ, kì í sì í ṣe àṣírí tèmi. Bí o bá fẹ́ bínú, bínú, ṣùgbọ́n má ṣe rò pé ó rọrùn fún mi láti máa kọ ọ̀rọ̀ òjò sí ọ nígbà tó ń kérora ní yàrá kejì.

Mo gbọ́ ti oṣù Kọkànlá. Ọkàn mi ò kàn gbà á tán ni. Mo rántí pé ewé aáyù náà máa ń tó mi dé orúnkún ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí òdòdó ápù bá ti rẹ̀ dànù. Àbí ojú mi ló ń tàn mí? Ìwọ lo wà níbẹ̀, n kò bá ọ jiyàn. Ṣáà tún rò ó wò. Ápù kù díẹ̀ lórí igi. Ìrì dídì ti ń funfun lórí koríko láàárọ̀, ìkùukùu sì ń jókòó sórí odò títí oòrùn yóò fi lé e. Ìgbà tí ìyá rẹ fẹ́ràn jù nìyí. Ó máa ń ní ìgbà yìí nìkan ni ìlú yìí ń fẹ́ jọ ìlú òun.

Fèsì o.

Bàbá rẹ


Cygnet
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Karùn-ún, 1983

Danica,

N kò rí èsì. Lójoojúmọ́ ni mò ń rìn dé ibi àpótí lẹ́tà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ń pín lẹ́tà ti ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó bá ti rí mi. Lánàá ó ní, "Kò sí, Clarrie, àfi tí ẹ bá fẹ́ kí èmi kọ ọ̀kan sí yín."

Mo ti kó aṣọ ìyá rẹ fún ṣọ́ọ̀ṣì, àfi kóòtù búlúù. Ilé ti tóbi jù. Mo ṣì ń gbé abọ́ méjì sílẹ̀, mo ń dá ọ̀kan padà.

Aáyù ti ń yọ imú. Mo lọ wò ó, mo rí ewé tútù ṣóńṣó tó ń yọ lára rẹ̀ níbi tó rọ̀ sí, láìrí ilẹ̀, láìrí omi. Ó fẹ́ wọlẹ̀. Ohun tí kò lẹ́nu ń bá mi sọ̀rọ̀, ọmọ mi tó lẹ́nu kò dá mi lóhùn.

Bí o bá ti pinnu pé o kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ó dáa. Ṣùgbọ́n sọ ti aáyù fún mi ná.

Bàbá rẹ


WÁYÀ
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹfà, 1983

BÀBÁ Ẹ MÁ DÚRÓ DE OṢÙ KỌKÀNLÁ. MO ṢÌ Í SỌ. Ẹ GBÌN ÍN KÍÁ. LẸ́TÀ Ń BỌ̀. DANICA


Aberdeen
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹfà, 1983

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo kúnlẹ̀ bí obìnrin. Ẹ má bínú. Lẹ́tà yín méjèèjì dé, n kò ṣí wọn. Mo jù wọ́n sínú dúrọ́ọ̀, mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ òjò náà ló tún máa wà níbẹ̀.

Bàbá apẹja kan wà ní wọ́ọ̀dù wa. Lọ́sẹ̀ yìí, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n búra pé n kò ní kọ̀wé sí ọmọbìnrin òun ní Kánádà. Mo ní, "Bàbá, n kò lè búra." Ó ní, "Ìwọ ò lọ́mọ, kò lè yé ọ. Mo fẹ́ kó rántí mi lórí omi ni, kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì yìí." Ó fajú ro sí mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ṣí dúrọ́ọ̀.

Nígbà tí mo ka ibi tí ẹ ti kọ ọ́ pé ewé náà ń tó yín dé orúnkún ní oṣù Kọkànlá, mo dìde dúró. Òótọ́ lẹ sọ! Ní erékùṣù Màmá, ìgbà ìwọ́wé ni oṣù Kọkànlá, bó ṣe rí níbí Aberdeen. Mo ti pẹ́ níbí débi pé oṣù ti dorí kodò nínú orí mi. Lọ́dọ̀ wa, oṣù Kẹrin ló wà láàrin ìgbà ìwọ́wé. Ọjọ́ òkú tí Màmá ń wí, tiyín ni, Bàbá: Ọjọ́ Áńsàkì, ní ìparí oṣù náà, tí ẹ̀yin tí ẹ jagun máa ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ìdájí láti rántí àwọn tí kò bọ̀. Ẹ ó wọ kóòtù tí àmì-ẹ̀yẹ wà láyà rẹ̀, ẹ ó bá àwọn ọ̀rẹ́ yín lọ, ẹ ó mu bíà, ẹ ó sì korin wọlé nírọ̀lẹ́. Báwo lẹ ṣe fẹ́ rí i? Bí ẹ bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà báyìí ni Màmá máa ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òjò, á ní, "Danica, àwọn ará ibí náà ní ọjọ́ òkú tiwọn, ó sì bọ́ sí ìgbà ìwọ́wé bó ṣe yẹ. Dìde."

Mo ti wá rí gbogbo rẹ̀. Ilẹ̀ ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nísàlẹ̀, òkè rẹ̀ ti tutù. Màmá á máa ya aáyù sí ọmọ-ọmọ, èmi á máa kì í bọlẹ̀. Mo gbin ọ̀kan ní ìdojúdé, ó na ìka sí mi: "Ìdí sísàlẹ̀, ṣóńṣó sókè! Ṣé ìwọ máa ń fi orí rìn ni?" Ó ní ó gbọ́dọ̀ ta gbòǹgbò kí òtútù tó le, nítorí òtútù yẹn ló ń kọ́ ọ láti pín sí ọmọ.

Ẹ ti pẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì bọ́. Ọjọ́ tí ẹ máa gbìn ín gan-an ni kí ẹ ya á. Ẹ má bó o. Àwọn ọmọ tó tóbi jù ni kí ẹ mú, ẹ jẹ àwọn kéékèèké (tàbí ẹ fún Edie). Ẹ jẹ́ kó wọlẹ̀ dé oríkèé ìka kejì, kí ìbú àtẹ́lẹwọ́ wà láàrin wọn. Ẹ má gbìn ín síbi tí omi ń dúró sí. Kí ẹ fi koríko gbígbẹ bò ó.

Mo yege ìdánwò náà. N kò sọ fún yín.

Ọmọ yín,
Danica


Cygnet
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà, 1983

Danica ọmọ mi,

Mo kí ọ kú oríire ìdánwò. Ìyá rẹ á ti jó. Èmi ò mọ̀ ọ́n jó, mo lọ sọ fún Edie, òun jó díẹ̀ ní ilé ìdáná.

Wáyà rẹ ló kọ́kọ́ dé, láti ọwọ́ ọmọ ọ̀gá pọ́sítì. Òjò ò dá fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, ebè ìyá rẹ ti di ẹrọ̀fọ̀. Mo gbé iyẹ̀pẹ̀ wá láti ìdí igi ápù, mo gbé ebè tuntun ga sókè. Nígbà tí mo fi parí, ọjọ́ wo ló bọ́ sí? Ọjọ́ tí ojúmọ́ kúrú jù! Edie dúró tì mí lórí ebè pẹ̀lú agboòrùn, kò fi sí mi lórí, orí ara rẹ̀ ló fi sí.

"Ṣebí mo sọ?" ló wí.

Mo ní, "O ò sọ nǹkan kan. Òjò ló sọ ọ́."

"Òjò àti bàbá mi. Clarrie, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn dojú dé."

Ó dojú dé lóòótọ́. Ìka mi ti le, kò mọ ìdí yàtọ̀ sí ṣóńṣó mọ́ nínú òtútù. Lẹ́tà rẹ kò tíì dé nígbà náà. Mo kì wọ́n jìn ju bí o ṣe wí, mo sì ti bó ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ohun tó bá máa hù á hù.

Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi tán, òórùn náà kò lọ. Mo tún un fọ̀. Kò lọ. Danica, bí ọwọ́ ìyá rẹ ṣe máa ń rí nìyẹn. Ibi ijó tí wọ́n ṣe ní Port Huon lẹ́yìn ogun ni mo ti kọ́kọ́ di ọwọ́ náà mú. Kò gbọ́ èdè wa, èmi náà ò mọ nǹkan tí mo lè sọ. Ìyá mi ní ọmọbìnrin náà ń rùn bí ilé ìdáná àjèjì. Mo ní, "Òórùn ló ń rùn, kò hùwà burúkú." Síbẹ̀, nígbà tí mo fẹ́ ẹ tán, mo ní n kò jẹ ohun tí ń rùn. Kò bá mi jà. Ó ra ìkòkò kejì.

Mo jókòó títí lẹ́bàá iná, mo gbé ọwọ́ mi sí imú bí ọmọ tó ń mu àtàǹpàkò.

Bàbá rẹ


Aberdeen
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kọkànlá, 1983

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìgbà ìrúwé o. Níbí, ewé ti wọ́ tán, afẹ́fẹ́ òkun sì ń gé etí. Ẹ ní aáyù náà hù, pé ó ń ṣe játijàti. Ẹ ṣe sùúrù fún un.

Bàbá apẹja yẹn kú ní oṣù tó kọjá. N kò kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ kó tó kú. Mo kọ ọ́ lẹ́yìn náà, mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ òkun ni bàbá rẹ̀ ń sọ títí dé òpin. Mo ronú nípa yín bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Lánàá tí í ṣe ọjọ́ òkú, mo ra aáyù ní ṣọ́ọ̀bù ará Ítálì kan, mo gbìn ín sínú garawa lẹ́nu fèrèsé mi. Onílé mi ní, "Danica, kí nìyẹn?" Mo ní òdòdó ni.

Mo ṣàárò ilé. N kò kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ rí.

Danica


Cygnet
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kìíní, 1984

Danica ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọdún tuntun. Mo ti hú aáyù.

Ewé rẹ̀ pọ́n láti ìsàlẹ̀, mo fi fọ́ọ̀kì ọgbà wú ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Àkọ́kọ́ tí mo fà yọ kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ. Ìkejì bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ pín sí ọmọ, wọ́n rí roboto bí àlùbọ́sà kékeré. Ìdajì ti jẹrà sínú ilẹ̀. Mo jókòó sórí ebè, mo ní, "Tonka, mo ti bà á jẹ́." Edie gbọ́ mi láti ẹ̀yìn ọgbà. Mo rò pé á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé ọ̀kan roboto, ó yí i lọ́wọ́, ó ní, "Èyí ò kú o. Bí o bá tún un gbìn lásìkò, á di odindi lọ́dún tó ń bọ̀. Kò kàn rí àyè ṣe tán ni, bíi tìẹ." Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo bọ pòtétò àti ẹ̀fọ́, bí ìyá rẹ ṣe máa ń se blitva ìlú rẹ̀. Mo fi òróró ólífì sí i. Mo dúró pẹ́ kí n tó gé èyí tó jẹrà díẹ̀ lára àwọn aáyù náà sí i. Ìkòkò kan ni mo lò. N kò ṣí fèrèsé.

Danica, ó dùn. Ó dùn gan-an. Mo ń jẹ, mo ń bínú sí ara mi, mo sì ń bu sí i. Bí o ṣe ń jẹ ẹ́ láti kékeré nìyẹn, ní tábìlì kan náà pẹ̀lú mi, èmi kò mọ ohun tí ẹ ń jẹ.

Mo ti ya èyí tó dára jù sọ́tọ̀ fún gbígbìn. Àwọn kan wà tí ó tóbi díẹ̀.

Bàbá rẹ


Aberdeen
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejì, 1984

Bàbá mi,

Wọ́n ti fún mi ní ìsinmi. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Mo máa dé Hobart ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kẹrin. Ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ebè náà kí n tó dé. Mo mọ̀ yín.

Ẹ sọ fún Edie kó tọ́jú agboòrùn rẹ̀.

Danica


Cygnet
Ọjọ́ ogún, oṣù Karùn-ún, 1984

Danica ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú ìrìnàjò. Mo gbọ́ pé o délé láyọ̀. Edie ló ka wáyà náà sókè fún mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé orúkọ òun wà níbẹ̀. Ṣé wọ́n ò ti kó iṣẹ́ jọ dè ọ́? Jẹun o.

Ilé ti tún dákẹ́. Ìbọ̀wọ́ rẹ tí o gbàgbé wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Má ní kí n fi ránṣẹ́.

Láàárọ̀ òní, ìrì dídì bo gbogbo ọgbà, mo rìn lọ wo ebè. Aáyù tí a jọ gbìn lọ́jọ́ Áńsàkì ti yọ. Ó gún koríko gbígbẹ lu, ewé rẹ̀ nípọn, ó dúró ṣánṣán. Ìlà tèmi tọ́ bí okùn tí mo fi wọ̀n ọ́n. Ìlà tìrẹ wọ́, Danica. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó yà sí ọ̀tún níbi tí o ti ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ fún mi tí o kò wo ọwọ́ rẹ mọ́, kó tó padà sọ́nà.

Edie ní wọ́n ṣì kéré, pé a lè fi ṣọ́bìrì kékeré hú wọn kí a tún wọn tò kí wọ́n lè tọ́.

Mo ní kó gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ lọ sílé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Clarrie